Ọ̀sán Ọjọ́ Iṣẹ́ Ló Gbé Wọn Ró: Ilé Oúnjẹ Ìdílé Ọmọ Àjàṣẹ́ Kan Ní Creuse

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni ilé oúnjẹ kan ṣoṣo tó wà ní abúlé náà ti wà ní títì pa. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti darúgbó, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mairie, ìyẹn ìjọba abúlé, ra ilé náà pẹ̀lú ìwé àṣẹ ọtí rẹ̀, wọ́n tún òrùlé àti wáyà iná ṣe, wọ́n wá ń wá tọkọtaya tí yóò máa gbé òkè tí yóò sì máa dáná nísàlẹ̀. Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ló gbà á ní 2024. Èmi ni mò ń bá wọn wo ìwé ìṣirò owó wọn láti ìlú Limoges, nítorí náà ohun tí mo kọ síbí, yálà ojú mi ló ṣe tàbí mo rí i nínú ìwé. Àwọn fúnra wọn ní kí n kọ ọ́, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ẹbí mìíràn ń ro irú nǹkan yìí. Wọ́n kàn bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ àwọn, kí n má sì dárúkọ abúlé.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú ibi tí à ń sọ. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé ni Creuse wà, ó sì wà lára àwọn ẹkùn tí èèyàn kò pọ̀ sí rárá lórílẹ̀-èdè náà. Màlúù pupa Limousin ló kún pápá, igbó ló yí abúlé ká. Ní nǹkan bí ọdún 1850, èèyàn ibẹ̀ lé ní 280,000. Lónìí wọn ò tó 120,000. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ a máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Paris lọ ṣe bíríkìlà bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a sì padà wálé bí òtútù bá tún dé. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sí ìlú ńlá. Bí èèyàn ṣe ń dín kù ni ṣọ́ọ̀bù ń tì, tí ilé ìwé ń para pọ̀, tí dókítà ń fẹ̀yìn tì láìrí ẹni rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mairie abúlé kékeré fi ń fi owó aráàlú ra ilé oúnjẹ: bí ìyẹn náà bá tì, kò sí ibi tí aládùúgbò méjì ti lè jókòó pọ̀ mọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni tọkọtaya náà, Porto-Novo tó wà ní Benin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gba ìwé ọmọ ìlú Faransé. Saint-Denis, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris, ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta nínú yàrá méjì. Àbúrò mi ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nídìí àwo fífọ̀ ní brasserie kan, ìyẹn ilé oúnjẹ àti ọtí, ní Paris, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di alásè gidi. Gbogbo oúnjẹ tí àwọn Faransé ń pè ní ti ìyá wọn nílé, ó mọ̀ ọ́n sè. Òun fúnra rẹ̀ kò kà á sí, torí oúnjẹ ọ̀gá rẹ̀ ló ń sè níbẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ilé oúnjẹ ilẹ̀ wa ló wà lọ́kàn wọn: àkàrà, dòdò, adìyẹ yíyan, ẹja ọlọ́bẹ̀ ata. Wọ́n wo adágún Vassivière tí kò jìnnà sí wọn, tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń rọ́ wá sí nígbà ooru. Wọ́n wo Aubusson, tí UNESCO fi iṣẹ́ híhun aṣọ ògiri rẹ̀ sínú àkójọ ogún aráyé ní 2009, tí àwọn àlejò ń torí rẹ̀ wá. Wọ́n ṣírò iye èèyàn tó lè yà wọlé lálẹ́ ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ìṣirò náà dára. Oṣù mẹ́wàá yòókù ni kò sí nínú rẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìwé, torí òun ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa jù, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló le jù. Ẹni tó bá fẹ́ ta oúnjẹ pẹ̀lú ọtí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba permis d'exploitation. Ẹ̀kọ́ 20 wákàtí ni: wọ́n á kọ́ ọ ní òfin ọtí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, ọ̀rọ̀ ariwo òru àti ẹni tó ti mu àmuyó. Ọdún 10 ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú ilé náà gbọ́dọ̀ tún ṣe ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó oúnjẹ, 14 wákàtí. Lẹ́yìn náà, ó kù ọjọ́ 15 kí o tó ṣílẹ̀kùn, o lọ sọ fún mairie, wọ́n á fún ọ ní ìwé ẹ̀rí pé o ti sọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ láti 2023, ojú kan ṣoṣo, ní ọ̀dọ̀ INPI, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìforúkọsílẹ̀ náà. Ìwé tí àwọn ará Saint-Denis ń sọ pé yóò gba ọdún kan, oṣù díẹ̀ ló gbà, torí akọ̀wé mairie jókòó tì wọ́n. Ní abúlé, akọ̀wé mairie mọ ibi tí gbogbo ìwé ń gbà kọjá. Bí ẹ bá dé abúlé kan, ẹ tètè lọ kí i.

Mairie náà ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń kánjú. Licence IV ló wà ní ilé yẹn, ìyẹn ìwé àṣẹ tó gba gbogbo irú ọtí, kódà fún ẹni tí kò jẹun. Bí ọdún márùn-ún bá kọjá láìsí ẹni tó lò ó, ó kú nìyẹn, rírí òmíràn sì nira. Ọdún kẹta ti kọjá nígbà tí àwọn tiwa dé. Mo rò pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí owó ilé rọjú tó bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn ilé jẹ́ ti ọdún 9, ayálégbé sì lè jáde lópin ọdún kẹta tàbí ìkẹfà bó bá fẹ́.

Ohun kan wà tí mo takú lé lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní micro-entreprise, ìyẹn ètò òwò kékeré, torí ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣe é. Ní micro, iye tó wọlé ni ìjọba ń wò, wọn ò ní bi ọ́ iye tó o ná. Ilé oúnjẹ sì rèé, ìná ni: ẹran, gáàsì, owó iná, fíríìjì tó bàjẹ́. Bí o bá tún wà lára àwọn tí kò ń san TVA, ìyẹn owó orí ọjà, o ò lè gba èyí tó o san lórí irinṣẹ́ padà. Sítóòfù 5,000 yúrò máa ń gbé 1,000 yúrò TVA lọ́wọ́. Wọ́n gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní réel, níbi tí wọ́n ti ń yọ ìná kúrò lára ohun tó wọlé, wọ́n gba owó náà padà, owó yẹn ni wọ́n sì fi jẹun ní oṣù Kọkànlá. Ohun mìíràn tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé Creuse wà lábẹ́ ètò France Ruralités Revitalisation, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2024. Ẹni tó bá dá òwò sílẹ̀ níbẹ̀, tó sì kúnjú òṣùwọ̀n, kò ní san owó orí lórí èrè fún ọdún márùn-ún, lẹ́yìn náà yóò máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Àmọ́ owó URSSAF, ti ìfẹ̀yìntì àti ìlera, kò sí nínú rẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn ní oṣù Keje 2024. Alẹ́ nìkan ni wọ́n ń tà, láti Ọjọ́bọ̀ dé ọjọ́ Àìkú. Oṣù méjì àkọ́kọ́ dùn bí kí ó má tán. Àwọn àlejò láti Netherlands, Bẹ́ljíọ̀mù àti Paris ń jókòó síta, ọmọ wọn àgbà ń gbé omi, àwo ń lọ, àwo ń bọ̀. Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn àlejò kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Alẹ́ kan wà tí mo wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọlé. Àbúrò mi da ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà jù nù, kò sọ̀rọ̀.

Àwọn ará abúlé fúnra wọn ti wá lẹ́ẹ̀kan, tayọ̀tayọ̀, wọ́n yìn wọ́n, wọ́n gbọwọ́ wọn, wọn ò padà wá. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn wọn. Àgbẹ̀ tó ń jí fún màlúù ní ìdájí kì í jáde lálẹ́. Arúgbó tó ń gbé níbi tí kò sí iná lójú ọ̀nà kì í wa mọ́tò lóru. Oúnjẹ 22 yúrò sì jẹ́ ti ọjọ́ ìbí fún wọn.

Oníṣẹ́ iná tó wá tún fírísà ṣe ló béèrè ọ̀rọ̀ tó yẹ. Ó ní, “Madame, ṣé ẹ kì í ṣí lọ́sàn-án ni?” Ó ní òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ òun máa ń wakọ̀ lọ sí ibi àwọn awakọ̀ tírélà lójú títì ńlá kí wọ́n tó rí oúnjẹ gbígbóná jẹ. Àwọn bíríkìlà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn púlọ́ńbà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń gégi nínú igbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi sọ fún Ìyá lórí fóònù pé àwọn fẹ́ yí gbogbo ètò padà, Ìyá ní, “Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ ò wolé.”

Ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní menu ouvrier, oúnjẹ òṣìṣẹ́. 15 yúrò: oúnjẹ ìṣíde tí kálukú á bù fúnra rẹ̀, oúnjẹ gidi, wàràkàṣì, oúnjẹ dídùn ìparí, búrẹ́dì, wáìnì díẹ̀, kọfí. Owó yẹn kì í ṣe èyí tó kàn wù wọ́n. Iléeṣẹ́ ìkọ́lé máa ń fún òṣìṣẹ́ tó wà níbi iṣẹ́ ní owó oúnjẹ ọ̀sán, òṣìṣẹ́ sì mọ iye rẹ̀ dé kọ́bọ̀. Bí oúnjẹ bá fi púpọ̀ ju owó náà lọ, á gbé búrẹ́dì wá láti ilé. Láàárín ohun tí iléeṣẹ́ ń san àti ohun tí ẹran ń ná ọ ni wàá ti jẹun. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: bí a bá ti yọ TVA 10% kúrò lára 15 yúrò, 13.64 ló kù, ó sì máa ń dín díẹ̀ sí i nítorí wáìnì, tí TVA tirẹ̀ jẹ́ 20%. Ohun tó wà nínú àwo kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta owó náà lọ, nǹkan bíi 4.50. Yúrò mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù lórí èèyàn kan. Bí èèyàn 30 bá jókòó, ó di nǹkan bíi 270 lójúmọ́, inú rẹ̀ ni owó ilé, gáàsì, ìbánigbófò, URSSAF àti ọwọ́ èèyàn méjì wà. Kò sọ ẹnikẹ́ni di olówó. Ṣùgbọ́n ó ń wọlé láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó ń wọlé nínú yìnyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sán kan ṣe rí. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lu méjìlá, mọ́tò funfun ti ń tò sójúde. Wọ́n ń wọlé pẹ̀lú bàtà iṣẹ́, ẹni tó bá wọlé á kí gbogbo ilé, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ nìkan, ẹni tó bá sì gba ìdí tábìlì ẹlòmíràn kọjá á kí i kú oúnjẹ. Àbúrò mi ní ibí yìí ni òun ti rí Faransé tó jọ Àjàṣẹ́ jù. Ní Saint-Denis, èèyàn lè gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ fún ọdún gbọọrọ láìkí ọ. Ọkọ rẹ̀ á ti gé búrẹ́dì sínú agbọ̀n, omi á ti wà lórí tábìlì, lọ́fẹ̀ẹ́, bí òfin ṣe wí. Lára pátákó, wọ́n kọ ibi tí ẹran ti wá, wọ́n sì ní ìwé tó ń fi hàn bí oúnjẹ bá ní ẹ̀pà, ẹyin, wàrà tàbí èyíkéyìí nínú ohun 14 tó lè mú àìsàn bá ara ẹlòmíràn. Kó tó di aago kan ààbọ̀, gbogbo wọn ti lọ. Kò sí ẹni tó ń pẹ́. Tí oúnjẹ bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àtọ̀gá àtọmọ iṣẹ́ ló máa bínú.

Oúnjẹ tí ọkọ àbúrò mi ti ń sè fún ọ̀gá rẹ̀ ní Paris ló wá di oúnjẹ tirẹ̀: blanquette, ìyẹn ẹran ọmọ màlúù nínú ọbẹ̀ funfun, ẹran màlúù tí wọ́n fi wáìnì pupa sè, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní lentilles, ẹja lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá àgbà kan tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwọn wá kọ́ ọ ní pâté de pommes de terre, tó jẹ́ oúnjẹ Creuse gan-an. Pòtétò tín-tìn-tín ni, pẹ̀lú ewébẹ̀ àti aáyù, tí wọ́n bo ìyẹ̀fun mọ́ lórí, tí wọ́n dá ihò kékeré sí láàárín. Bó bá ti jáde nínú ààrò, ihò yẹn ni wọ́n á gbà da ọ̀rá wàrà sínú rẹ̀, wọ́n á máa mì í títí yóò fi rìn káàkiri. Ìyá àgbà náà dúró tì í, ó ní kó dà sí i, kó tún dà sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́sàn-án, ó wá jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àwọn arúgbó abúlé bẹ̀rẹ̀ sí wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Oúnjẹ wa kò parẹ́. Àbúrò mi ń gbé àkàrà kéékèèké sáàárín oúnjẹ ìṣíde, ó kọ “beignets de haricots” sí i lára. Àwo náà ló máa ń kọ́kọ́ tán. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n máa ń se oúnjẹ Àjàṣẹ́, ẹni tó bá sọ tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rà á dè, nítorí náà kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ṣòfò mọ́. Àwọn tó wá jẹ ẹ́ lálẹ́ yẹn ni àwọn tó ti jẹ ọ̀sán títí tí wọ́n fi mọ̀ wọ́n.

Ìṣòro wà nínú rírí èlò. Ìyá ń fi irú àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ láti ilé, ó sì dun Ìyá nígbà tí wọ́n ní òkè ni àwọn yóò ti jẹ ẹ́, kò lè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wọ ilé ìdáná òwò gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tó sọ ẹni tó tà á. Ẹ̀wà pẹ̀lú: láti 2015 ni European Union ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n bá lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ olówò ńlá tó ń kó ẹ̀wà ibòmíràn wọlé ni wọ́n ti ń rà, pẹ̀lú ìwé.

Nínú òtútù àkọ́kọ́, mairie fi iṣẹ́ oúnjẹ ọmọ ilé ìwé lọ̀ wọ́n. Àbúrò mi gbà á láìbẹ̀rù, torí ibẹ̀ ló ti wá. Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Guéret, olú ìlú Creuse. Ó mọ̀ pé oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 63°C lọ kó tó dé iwájú ọmọ, pé díẹ̀ nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ márùn-ún bóyá àìsàn á ṣẹlẹ̀, pé oúnjẹ kan lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò ní ẹran tàbí ẹja. Ẹ̀wà rírò ló máa ń gbé fún wọn lọ́jọ́ yẹn nígbà mìíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì kékeré wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́. Nípasẹ̀ ilé ìwé yẹn ni ẹbí náà fi di ará abúlé: àwọn ìyá ọmọ ń wọlé wá mu kọfí láàárọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ń bá ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ọdún abúlé gbé tábìlì.

Èyí tó ká mi lára jù ni mo fi kẹ́yìn. Láti oṣù Keje 2024 ni àbúrò mi ti ń jí, tó ń dáná, tó ń gbowó, tó ń fọ ilẹ̀. Orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé. Òfin Faransé kò gba ìyẹn: aya tàbí ọkọ tó bá ń ṣiṣẹ́ déédéé nínú òwò ẹnì kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ipò nínú ìwé, bí wọn ò bá sì yan ọ̀kan, òfin á kà á sí òṣìṣẹ́ olówó oṣù. Mo bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tiwa náà ni, kí ló tún kù?” Mo ní ohun tó kù ni owó ìfẹ̀yìntì ìyàwó rẹ̀, owó àìsàn obìnrin náà, àti ohun tó máa di mú bí nǹkan bá ṣe ìwọ. Mo ti rí obìnrin wa tó fi ogún ọdún dáná nílé oúnjẹ ọkọ rẹ̀, tó dé ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì tí kò bá ohunkóhun níbẹ̀. Ara mi ò gbà á kó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi.

Conjoint collaborateur, ìyẹn aya tó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣe. Kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì àti ti àìsàn fún un. Ipò yẹn kì í kọjá ọdún márùn-ún mọ́ láti 2022, tó túmọ̀ sí pé ó ní ìparí. Wọn ò fẹ́ dúró dè é. Wọ́n ti pinnu láti sọ òwò náà di SARL, irú iléeṣẹ́ tí àwọn tó ní in ń pín láàárín ara wọn, kí ìdajì jẹ́ tirẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa ṣe ọ̀gá. Akántáǹtì ti fún wọn ní iye tó máa ná wọn. Mairie ti gbà pé ìwé ilé á bọ́ sórúkọ iléeṣẹ́ tuntun náà. Wọ́n máa tún lọ sọ ti ìwé àṣẹ ọtí lọ́tun ní mairie, nítorí náà àbúrò mi ti forúkọ sílẹ̀ fún permis d'exploitation tirẹ̀ ní Limoges, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa ti ilé pa nígbà ìsinmi oṣù Kejì. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò sùn.